Ẹ Bi Wá: Ọmọ Ní Social Anthropology Lòun Fẹ́ Kà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú lẹ́tà tó wọlé fún oṣù yìí, àwọn tó ń béèrè nípa Anthropology pọ̀ débi pé mo kúkú kó wọn sójú kan, kí ẹni tó ń béèrè fún ọmọ ẹ̀ àti ẹni tó ń béèrè fún ara ẹ̀ jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà ka kọ́ọ̀sì yìí, torí náà ẹ fi sọ́kàn pé mo máa gbè é lẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá korò níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. London la wà, ní Peckham. Ọmọ mi obìnrin ń parí A-level lọ́dún yìí, Law ni gbogbo wa ń retí, àfi bó ṣe jókòó tì wá lọ́jọ́ Sunday kan tó ní Social Anthropology lòun fẹ́ kà. Látìgbà náà ni bàbá ẹ̀ ò ti bá a sọ̀rọ̀ tó já geere. Wọ́n ní ṣé torí kí ọmọ lè lọ kọ́ àṣà àwọn ará inú igbó làwọn ṣe ń ṣe nights, iṣẹ́ òru, láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, ṣé iṣẹ́ sì wà? Ìyá ọmọ, Peckham.*

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ bá mi kí Dádì náà, nights kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ará inú igbó yẹn ná.

Bí èèyàn ṣe ń bá ara wọn gbé ni wọ́n ń kọ́. Ta ló lè fẹ́ ta, ta ló ń jogún, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ta ló ń parí ẹ̀, kí ni wọ́n gbà gbọ́ nípa ikú, báwo lowó ṣe ń yí láàárín wọn. Sociology náà ń béèrè irú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ṣe Anthropology gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn èèyàn yẹn gbé, kó gbọ́ èdè wọn, kó jẹ oúnjẹ wọn, kó pẹ́ níbẹ̀ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ lálaalẹ́. Bronislaw Malinowski, ọmọ Poland tó wá di ọ̀gá níbi iṣẹ́ yìí ní LSE, yunifásítì kan ní London, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù nídìí ẹ̀. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló lọ gbé ní erékùṣù Trobriand lápá Papua New Guinea, ìwé ẹ̀ sì jáde ní 1922, kò sí bí ọmọ first year ṣe máa ṣe é tí ò ní bá a pàdé. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin ń wa ọkọ̀ gba orí òkun tó léwu kọjá láti lọ fún ara wọn ní ẹ̀gbà ọrùn pupa àti ẹ̀gbà apá funfun tí wọ́n fi ìkarahun ṣe, pupa ń lọ sọ́nà kan, funfun ń bọ̀ lọ́nà kejì, wọn ò tà á, wọn ò sì ń tọ́jú ẹ̀ pẹ́, tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ fúngbà díẹ̀ o gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá wò ó lóòkán á ní orí wọn ò pé. Àmọ́ orúkọ ló wà nídìí ẹ̀, àti gbèsè, àti ẹni tó ṣeé fọkàn tán nílùú òkèèrè. Nígbà tó di 1925, Marcel Mauss tó jẹ́ ọmọ Faransé wá kọ tiẹ̀ lórí ẹ̀bùn, ó ní dandan ni kéèyàn fúnni, dandan ni kéèyàn gbà, dandan sì ni kéèyàn san án padà.

Màmá, ẹ wá bá mi wo owàḿbẹ̀ tiwa ní London níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí ẹ ṣe ìkómọ, àbí ẹnì kan ò jókòó sídìí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà hall tó ń fi bírò kọ orúkọ sínú ìwé exercise: lágbájá, ogún pọ́n-ùn; tàmẹ̀dò, àpò ìrẹsì kan àti kúlà méjì? Ìwé yẹn ò sọnù. Ó wà nínú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí lágbájá bá fẹ́ ṣe tiẹ̀ ẹ máa ṣí i wò kẹ́ ẹ tó mọ iye tó máa wọnú envelope, ẹ ò sì ní fẹ́ kó jẹ́ ogún pọ́n-ùn gẹ́lẹ́, ẹ máa fi nǹkan lé e, torí tẹ́ ẹ bá san án gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa dà bíi pé ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì parí síbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí ẹ láwọn ò ní rà mọ́ tí ẹ padà rà ńkọ́, ta ló fipá mú yín? Ohun tí ọmọ yín fẹ́ lọ kà nìyẹn. Ó lè kà á ní Trobriand, ó lè kà á ní Peckham. Karen Ho, anthropologist kan, tiẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Wall Street, àdúgbò àwọn báǹkì ńlá ní New York, kó tó kọ ìwé ẹ̀ tó jáde ní 2009 lórí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, ìdí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ mọ́jú àti bí wọ́n ṣe ń gba ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Níbo ni igbó wà níbẹ̀ yẹn?

Ti owó: ní England, yunifásítì tó ń gba iye tó ga jù gba 9,535 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ọmọ ilé fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, bóyá Law ló ń kà o tàbí Anthropology, torí náà Dádì ò ní sanwó jù torí eléyìí. Ọdún mẹ́ta ni. Tó bá lọ Scotland, bíi Edinburgh tàbí St Andrews, ọdún mẹ́rin ni, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń pè ní MA níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kankan wá sọ fún yín pé ọmọ ti ka Master's. Wọn kì í béèrè pé kó ti ṣe Anthropology ní A-level, A-level ẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an wọ́n ti pa á tì. LSE, SOAS, Cambridge, Manchester, gbogbo wọn ló ń kọ́ ọ. Ìwé kíkà ló pọ̀ níbẹ̀ o, ó pọ̀ gan-an, ọ̀sẹ̀ kan ò ní lọ kí wọ́n má gbé orí ìwé àti àpilẹ̀kọ lé e lórí, ọmọ tí ò bá fẹ́ràn ìwé á jìyà.

Ti iṣẹ́ wá ni ibi tó korò. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń dúró de anthropologist lẹ́nu ọ̀nà bí ọsibítù ṣe ń dúró de nọ́ọ̀sì. Ẹni tó kà á máa wá ọ̀nà ẹ̀ fúnra ẹ̀: civil service, àwọn NGO, mùsíọ́ọ̀mù, ìwé ìròyìn, ìwádìí fún àwọn tó ń ṣe app, wọ́n á gbà á kó lọ jókòó ti àwọn tó ń lo nǹkan náà kó wo ibi tó ti ń há wọn lọ́wọ́. Ó gba kó ti máa ṣe internship láti second year, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó gba gáùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ á pẹ́ nílé. Àmọ́ ẹ sọ eléyìí fún Dádì: láti 2021 tí SQE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ di lọ́yà tí wọ́n ń pè ní solicitor, ti bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales, ẹni tó ní dìgírì kọ́ọ̀sì yòówù lè ṣe ìdánwò ẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ ọdún méjì tí wọ́n ń béèrè, kó sì di solicitor. Ilẹ̀kùn Law ò tì.

Tí wọ́n bá ṣì ní kí ló wúlò fún, ẹ rán wọn létí Ebola. Láàárín 2014 sí 2016, ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, ó lé ní 11,000 èèyàn tó kú. Wíwẹ òkú àti fífọwọ́ kàn án wà lára ohun tó ń tàn án kálẹ̀, ìjọba bá rán àwọn tó wọ aṣọ ààbò láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n máa kó òkú lọ. Ẹbí ò mọ ibi tí wọ́n gbé òkú wọn sí. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn pa mọ́, wọ́n ń sin òkú lóru, láwọn ibòmíì wọ́n ń sọ òkò sí mọ́tò àwọn elétò ìlera. Àwọn anthropologist wà lára àwọn tó lọ jókòó ti àwọn àgbà tí wọ́n béèrè pé kí ló jẹ́ dandan nínú ìsìnkú yín, kí lẹ lè fi sílẹ̀. Nígbà tó di November 2014, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé ìlànà tuntun jáde: ẹbí lè wà níbẹ̀, wọ́n á máa wò ó lókèèrè, àlùfáà tàbí lémọ̀ọ́mù á ṣàdúrà, wọ́n á mọ sàréè. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí àìsàn má ràn wọ́n láti ara òkú. Dókítà nìkan ò lè dá ìyẹn ṣe.

*Ẹ káàsán Àǹtí mi. Ìkìrun ni mo ti ń kọ̀wé. Law ni mo yàn ní Ifẹ̀, Sociology and Anthropology ni wọ́n fún mi. Àwọn kan ní kí n gbà á, àwọn kan ní kí n tún JAMB kọ. Mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Àbúrò yín.*

Àbúrò, kú oríire. Ìbéèrè kan péré ni kó o bi ara ẹ: ṣé wíìgì gan-an lo fẹ́ dé, àbí Law yẹn kàn dùn-ún gbọ́ létí ni? Torí ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ sí tàwọn tó wà ní London tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn yẹn. Ní Nàìjíríà, tí o ò bá ka LL.B, dìgírì Law, Law School ò ní gbà ẹ́ wọlé, kò sí àbùjá. Tó bá jẹ́ wíìgì, tún JAMB kọ, tàbí kó o ka eléyìí tán kó o gba direct entry lọ, ọdún á pọ̀ ṣùgbọ́n àwọn kan ń ṣe é. Má gbẹ́kẹ̀ lé pé o máa cross lọ Law ní 200 level, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó rí i ṣe lọ fíìfíì.

Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kọ́ nǹkan tó nítumọ̀ ni, gbà á jàre. Ọdún mẹ́rin ni. Ní Ifẹ̀ àti Benin àti Nsukka, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Sociology. Archaeology ni wọ́n so ó mọ́ ní Ìbàdàn. Ìwọ tó o fẹ́ràn Law tiẹ̀ máa gbádùn apá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ogún. Ẹjọ́ kan wà tó ti Èkó lọ títí dé Privy Council, kóòtù tó ga jù nígbà náà, ní London: bàbá kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Tí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni, kálukú gba tiẹ̀. Tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ni, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan, tó túmọ̀ sí pé ọmọ tó dá wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ máa dá ìdá mẹ́rin kan gbé, tí àwọn tó pọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tiwọn á sì pín ìdá kan ṣoṣo yẹn láàárín ara wọn. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló bá ayé òde òní mu, kóòtù tó ga jù ú lọ ní rárá, nígbà tó sì di 1962 ìdí-igi náà ló borí ní London. Kí wọ́n tó dájọ́, wọ́n ní láti bi àwọn tó mọ àṣà pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kó o ya àtẹ ẹbí, onígun mẹ́ta dúró fún ọkùnrin, òbìrìkìtì fún obìnrin, àmì ìdọ́gba láàárín wọn pé wọ́n fẹ́ra, ya ti ilé yín. Wàá rí i pé ìwé kan ò ní gbà á.

Nígbà tó o bá dé final year tí wọ́n ní kó o ṣe project, jọ̀ọ́, má ṣe questionnaire igba tí gbogbo ayé ń ṣe, tí wọ́n á jókòó sí hostel tí wọ́n á máa fi bírò oríṣiríṣi tick ẹ̀ fúnra wọn (ẹ má wulẹ̀ bínú sí mi, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é). Wá ibi kan tó o lè máa lọ lójoojúmọ́. Lọ jókòó ti ìyá aláta kan lọ́jà, kó o máa wo alájọ nígbà tó bá dé. Wo bó ṣe ń sàmì sórí káàdì, wo ẹni tó ń sanwó pẹ̀lú ẹ̀rín àti ẹni tó ń sá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fún un ní owó ọjọ́ kan nínú oṣù kí wọ́n lè rẹ́ni bá wọn tọ́jú owó ara wọn. Báǹkì wà lójú títì kejì, kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ síbẹ̀? Ìyá aláta á ṣàlàyé fún ẹ. Bá a já èèpo àlùbọ́sà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, má kàn jókòó bí ìnpẹ́kítọ̀.

*Àǹtí, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé kì í ṣe ìmọ̀ tí òyìnbó fi ṣe amí wa tí wọ́n fi jọba lé wa lórí nìyẹn? Kí la tún fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀? Bọ̀dá kan, Abẹ́òkúta.*

Bọ̀dá, kò sí ìbínú níbẹ̀, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ní 1909 ìjọba òyìnbó rán Northcote Thomas wá, wọ́n ní òun ni anthropologist ìjọba, ó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ Ẹ̀dó, lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀ Ìgbò, ó ń ya fọ́tò, ó ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọba ìlú ṣàkóso ìlú gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ọba ń ṣe. Àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán láwọn yunifásítì títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló sì ń gbé e dìde jù.

Ṣùgbọ́n ará Abẹ́òkúta ni yín, ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ìlú yín dá yín lóhùn. N. A. Fadipe, ọmọ Ẹ̀gbá, ó kọ iṣẹ́ ńlá kan lórí àwa Yorùbá, bí a ṣe ń fẹ́ra, bí a ṣe ń gbé agbo ilé, bí a ṣe ń jọba, òun ló fi gba PhD ní Yunifásítì London ní 1939. Ó kú ní 1944 láìfojú rí i bí ìwé, 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde n'Ìbàdàn. Kenyatta tó wá di ààrẹ Kenya náà kà á lọ́dọ̀ Malinowski ní LSE, ìwé tiẹ̀ lórí àwọn Kikuyu èèyàn ẹ̀ jáde ní 1938, ó sì fi bá òyìnbó jà lórí ilẹ̀. Kofi Busia kà á ní Oxford kó tó di olórí ìjọba ní Ghana. Irin iṣẹ́ kan náà ni. Ti William Bascom ni kì í jẹ́ kí n mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo máa gbè sí: ọmọ Amẹ́ríkà tó dé Ifẹ̀ ní 1937, tó kọ ìwé gidi lórí Ifá, tó fẹ́ ìyàwó láti Cuba tó sì lọ bá òrìṣà wa níbẹ̀ náà, ẹni yẹn kan náà ló ra méjì nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀ ní 1938, ó gbé wọn lọ Amẹ́ríkà, ọdún bíi mélòó kan kọjá kí wọ́n tó padà sílé. Ọmọ tó bá ka kọ́ọ̀sì yìí ní láti gbé méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

*Ọmọ mi fẹ́ ka Archaeology and Anthropology n'Ìbàdàn. Díákónì ni mí. Ṣé wọn ò ní mú un bọ òrìṣà? Bàbá ọmọ, Ìbàdàn.*

Rárá, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló gbà gbọ́. Wọ́n á ní kó ka Evans-Pritchard, òyìnbó anthropologist tó kọ ìwé ní 1937 lórí àwọn Azande, lápá ibi tó di South Sudan lónìí. Nínú ìwé náà, àká ọkà wó lu àwọn tó jókòó gba atẹ́gùn lábẹ́ ẹ̀. Azande mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó, ojú wọn ò fọ́. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ àkókò yẹn gan-an ló wó, tó jẹ́ àwọn yẹn gan-an ló wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mẹ́nu ba àjẹ́. Díákónì náà ti gbọ́ irú ìbéèrè yẹn ní night vigil. Wọ́n á kọ́ ọmọ kó lóye ẹni tó ń béèrè ni, wọn ò ní kó gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ kúkú múra, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín ló máa fi ṣe project. J. D. Y. Peel, òyìnbó onímọ̀ kan, ti kọ odidi ìwé lórí àwọn Aládùúrà wa láti 1968.

*Good evening ma. Year 12 ni mí, ní Manchester, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Ṣé maths pọ̀ níbẹ̀? Kí ni mo lè kọ sí personal statement?*

Yorùbá ẹ dára, má dá wọn lóhùn. Maths ò pọ̀ rárá, iléèwé míì á fi statistics díẹ̀ sí i, kò lè pa ẹ́. Láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026, UCAS, àjọ tó ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì ní UK, ti pín personal statement, ìwé tó o máa fi sọ̀rọ̀ ara ẹ, sí ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tó o fi fẹ́ kọ́ọ̀sì náà, bí ohun tó o kà níléèwé ṣe múra ẹ sílẹ̀, àti ohun tó o ṣe níta kíláàsì. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé láti kékeré lo ti nífẹ̀ẹ́ cultures, gbogbo wọn ló ń kọ ìyẹn. Lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò ẹ ní Saturday, kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó o wo ẹni tó dé lẹ́yìn tó gé ṣáájú, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó sọ, lẹ́yìn náà kọ ohun tó o rí àti ohun tí ò yé ẹ nínú ẹ̀. Mú ìwé kan tó o ti kà gan-an mọ́ ọn, ẹyọ kan tó. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 4,000 character lọ, wọ́n sì ń ka àlàfo mọ́ ọn, torí náà yọ gbogbo "passionate" inú ẹ̀ kúrò, wàá rí àyè.